Ẹ Má Yára Bó Ìjókòó Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹni tó bá ra Jaguar Mark 2 tí wọ́n ṣe ní Coventry láàárín 1959 sí 1967, tàbí Rolls-Royce Silver Cloud láti Crewe, tàbí Morris Minor tí àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ń gùn láyé ọjọ́un, kò ní pẹ́ tí ará àti ọ̀rẹ́ á fi máa sọ fún un pé kó tún inú ọkọ̀ náà ṣe. Wọ́n á ní awọ ìjókòó ti sán, kó bó o, kó fi tuntun wọ̀ ọ́. Wọ́n á ní igi dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń ṣí, kó fi sáńpépà há a, kó tún un kùn. Wọ́n á ní rọ́ọ̀gì ilẹ̀ ń rùn, kó ká a dànù. Ìkìlọ̀ mi ni pé kó má tíì ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irin ọkọ̀ àtijọ́ ṣeé jó pọ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣeé tú kí á sì tún un tò, àmọ́ ohun inú ọkọ̀ tí wọ́n bá ti bó dànù, kò sí ọjà tí a ti lè rà á padà.

Ọ̀rọ̀ awọ ni kí á mú ṣáájú. Ilé iṣẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Connolly ni wọ́n ń pè é. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1878, iṣẹ́ bàtà àti ti gàárì ẹṣin ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní ilé iṣẹ́ awọ ní Wimbledon, létí odò Wandle, ibẹ̀ sì ni awọ inú Rolls-Royce, Bentley, Jaguar àti Aston Martin ti ń wá. Awọ aláwọ̀ ewé tí àwọn aṣòfin ń jókòó lé ní Westminster, iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà ni. Irú awọ tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń wá kiri kì í ṣe awọ màlúù èyí-jẹ-èyí-ò-jẹ. Wọ́n fẹ́ràn awọ láti àwọn ilẹ̀ olótùútù Yúróòpù, níbi tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún kì í ti í ya màlúù lára, tí eṣinṣin kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ lu awọ ẹ̀yìn rẹ̀ jálẹ̀. Akọ màlúù ni wọ́n sì ń yàn, torí oyún a máa na awọ abo. Ọdún 2002 ni ilé iṣẹ́ awọ yẹn kógbá sílé. Ẹ ṣì máa rí orúkọ Connolly lára ọjà lónìí, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ṣe awọ inú Jaguar 1962 yín kò sí mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn án kí ẹ tó mọ̀ dájú pé ó ti kú.

Ọ̀pọ̀ awọ tí wọ́n ń pè ní òkú ni kò tíì kú. Lásìkò yẹn, wọ́n máa ń fọ́n ọ̀dà sójú awọ láti fún un ní àwọ̀, kó sì máa dán. Ọ̀dà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sán lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, kó dà bí ẹni pé ìjókòó ti fọ́ yángá, nígbà tí awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ gbé ìjókòó náà sókè, ẹ wá ibi tí etí awọ ti yọ díẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ rọra ká a. Bó bá ká láìya, ó wà láàyè, oníṣẹ́ tó mọwọ́ lè fọ ojú rẹ̀, kó dí ojú ibi tó sán, kó sì tún fún un ní àwọ̀ rẹ̀. Bó bá fọ́ lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ fi agbára fà á, a jẹ́ pé ó ti tán nìyẹn, oògùn kan kò sì lè jí i. Etí ìsàlẹ̀ kan náà ni ẹ ó ti rí àwọ̀ tó jáde láti ilé iṣẹ́, nítorí oòrùn kì í débẹ̀. Ẹni tó bá wo àárín ìjókòó láti fi pinnu àwọ̀, àwọ̀ tí oòrùn ti jẹ fún ọgọ́ta ọdún ló ń wò.

Ẹ má fi òróró agbọn, òróró olifi tàbí àdí pa ìjókòó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é, tí wọ́n sì gbà pé ohun tó dára fún awọ ara dára fún awọ màlúù. Òróró inú ilé ìdáná á kan, á máa rùn, á fa eruku mọ́ra, á sì máa jẹ òwú tí wọ́n fi rán ìjókòó. Kódà ìpara tí wọ́n ń tà fún awọ ọkọ̀, díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ojú awọ tí wọ́n ti kùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mu ún, èyí tó bá ṣẹ́kù lókè á kàn máa lẹ̀ mọ́ aṣọ ni. Bébà olómi tí a fi ń nu ọwọ́ ọmọdé àti oògùn apakòkòrò ọlọ́tí tí a fi ń pa ọwọ́ a máa bó ọ̀dà kúrò lójú awọ. Omi gbígbóná a máa sún awọ kì, èyí tó bá sì ti sún kì tó le gan-an kì í padà. Aṣọ tó mọ́, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ọṣẹ tí kò le: ìwọ̀nba tí ìjókòó ń fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn, kí ẹ sì gbìyànjú rẹ̀ níbi tó fara sin kí ẹ tó gbé e dé iwájú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ awọ pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Nínú ọkọ̀ ńlá ayé ìgbà náà, férémù ló wà nísàlẹ̀, sípíríńgì lórí férémù, aṣọ àpò lórí sípíríńgì, irun ẹṣin tàbí fóòmù rọ́bà lórí aṣọ àpò, òwú pẹlẹbẹ lórí ìyẹn, kí awọ tó wá bo gbogbo rẹ̀. Dunlop ló kọ́kọ́ ṣe irú fóòmù rọ́bà yẹn ní 1929, tí wọ́n sọ ọ́ ní Dunlopillo. Fóòmù rọ́bà kì í bá awọ gbó pọ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ: á gbẹ, á di ìyẹ̀fun, ẹ ó rí i tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Nígbà náà ni awọ á rọ̀ sílẹ̀, á hun jọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya níbi tí kò ti sí ohun tó gbé e dúró. Oníṣẹ́ tí kì í ṣe olóòótọ́ á sọ fún yín pé awọ ló bàjẹ́, yóò sì gba owó awọ tuntun, nígbà tó jẹ́ pé fóòmù tí kò tó nǹkan ni ìjókòó náà nílò, kí wọ́n sì fi sùúrù dá awọ àtijọ́ padà sórí rẹ̀.

Àwọn mìíràn á kó sípíríńgì àti irun ẹṣin dànù pátápátá, wọ́n á fi fóòmù òde òní rọ́pò gbogbo rẹ̀ torí pé ó yá wọn lọ́wọ́. Ìjókòó á ga ju bó ṣe yẹ lọ, orí awakọ̀ á máa kan òrùlé, ojú ìjókòó tó yẹ kó tẹ́ á wú. Ìlà gbọọrọ-gbọọrọ tí wọ́n rán sára ìjókòó Jaguar àti MG, níní òwú nínú lọ́kọ̀ọ̀kan ló fi yọ gọ́ngọ́. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi wé okùn, tí wọ́n wá rán mọ́ etí, òun ló ń gba ìhà ìjókòó lọ́wọ́ ìfarakanra. Kò sí èyí tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán nínú wọn. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ gbéṣẹ́ fún bá ní òun lè fi ẹ̀rọ tẹ ìlà náà sójú awọ láìrán an, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Omi ló wá kàn, òun sì ni mo bẹ̀rù jù. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná: bí omi bá ṣì ń wọ inú ọkọ̀, gbogbo owó tí ẹ ná sórí awọ àti rọ́ọ̀gì, ẹ ó tún ná an. Rọ́bà etí gíláàsì iwájú, rọ́bà ilẹ̀kùn, ihò tí omi òjò ń gbà jáde lára ilẹ̀kùn àti nídìí gíláàsì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lábẹ́ rọ́ọ̀gì onírun àgùntàn tí wọ́n ń pè ní Wilton, wọ́n máa ń tẹ́ aṣọ nínípọn kan tó ń dí ariwo. Aṣọ yẹn máa ń mu omi, kì í sì í yára gbẹ. Rọ́ọ̀gì òkè lè gbẹ táútáú kí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣì máa rin ilẹ̀ irin fún oṣù púpọ̀, kí ìpẹtà máa jẹ ẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí, rọ́ọ̀gì tuntun tó ń dán yinrin nínú ọkọ̀ ọgọ́ta ọdún ni kó kọ́kọ́ mú yín fura. Ẹ ní kí olùtà jẹ́ kí ẹ ká a sókè. Ẹ fi ọwọ́ tẹ irin ibi tí wọ́n de ìjókòó mọ́ àti ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó so mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́ nìyẹn, ẹ̀mí ni. Láti May 2018, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún ní Britain, tí wọn kò sì yí padà púpọ̀, kò sí lábẹ́ dandan àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má bẹ abẹ́ rẹ̀ wò fún ọdún mẹ́wàá. Òfin gbà á láàyè, ṣùgbọ́n èmi á ní kí ẹ máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò náà bí wọn kò tilẹ̀ fi dandan lé e, torí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó tó já kúrò nílẹ̀ lójú títì.

Igi inú ọkọ̀ náà ní tirẹ̀. Ohun tí ẹ ń rí ní dáṣíbọ́ọ̀dù Jaguar tàbí Bentley kì í ṣe pákó walnut gidi láti òkè dé ilẹ̀. Pélébé ni, kò nípọn tó mìlímítà kan, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó mìíràn, tí wọ́n sì fi fáníìṣì bò. Wọ́n máa ń gé pélébé wọ̀nyí tẹ̀ léra láti ara igi kan náà, wọ́n á wá ṣí wọn sílẹ̀ bí ìwé, kí àwòrán ara igi ọwọ́ òsì lè bá ti ọwọ́ ọ̀tún mu. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ sáńpépà lé e, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti há a já sí pákó ìsàlẹ̀, ìbámu òsì àti ọ̀tún sì ti bàjẹ́. Fáníìṣì tó ń ṣí ni kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọ, kí wọ́n sì fi igi sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi ara yín wewu nídìí rẹ̀. Fáníìṣì òde òní tí wọ́n ń po oríṣi méjì pọ̀ kí wọ́n tó fọ́n ọn sábà máa ń ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate nínú. Ó lè dá ikọ́ fée sí ènìyàn lára, kó má sì lọ mọ́. Ibòmú lásán kò ká a. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ìta ló yẹ kí ó ṣe é. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ aṣọ òrùlé náà, èéfín rẹ̀ ń pa orí, ó sì ń gbaná. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ yọ wáyà bátìrì, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn pátákó tí wọ́n fi dí ooru ẹ́ńjìnì lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn ọkọ̀ kan lè ní asbestos. Ẹ má fà á ya, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá eruku rẹ̀.

Igi Morris Minor Traveller yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Láti 1953 ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ yẹn, igi ash tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró. Bó bá dúdú tó sì rọ̀ nígbà tí ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́, fáníìṣì tuntun kò ní gbà á là. Ó ti jẹra, ó sì fẹ́ pààrọ̀.

Àwọn kan máa ń fi awọ gidi sínú ọkọ̀ tí kò ní awọ rí, wọ́n á sì sọ pé àwọn ń dá a padà sí bó ṣe wà. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní awọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, awọ wà lójú ibi tí ènìyàn ń jókòó lé nìkan, oníke tó jọ ọ́ ló wà lẹ́yìn àti nínú ilẹ̀kùn. Ní Jaguar Mark 2 pàápàá, láti 1966 ni oníke tí wọ́n ń pè ní Ambla ti gba ipò awọ lọ́wọ́ rẹ̀, awọ sì di ohun tí olùrà ń fi owó kún. Ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Jaguar Daimler Heritage Trust máa ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí tó sọ àwọ̀ inú àti òde tí ọkọ̀ kan ní nígbà tó jáde. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé Morris, Austin àti MG wà ní British Motor Museum, ní Gaydon. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ Rolls-Royce, ní Paulerspury, ní káàdì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ìwé kan láti ibẹ̀ yóò gbà yín lọ́wọ́ àríyànjiyàn púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Britain, ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń wọ irú ọkọ̀ yìí. Ẹ̀yin ìyá ìyàwó, léèsì olókùúta àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn máa ń fá ojú awọ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni píìnì tó bá bọ́ lára gèlè. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́ sórí ìjókòó kí wọ́n tó wọlé. Ó ń gba ìyàwó náà sílẹ̀, torí bí ọlọ́kọ̀ bá ti fi ìpara pa awọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó lè hàn lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n ń gbé òrùka àti òdòdó. Bí ọkọ̀ kò bá ní bẹ́líìtì ìjókòó látìbẹ̀rẹ̀, òfin Britain kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta láàyè láti gùn ún, àwọn tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ sì gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn. Ẹ wá ọkọ̀ mìíràn fún wọn. Kí ẹ má gbé wọn lé ẹsẹ̀ torí fọ́tò.

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹténà gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wálé sí Èkó náà ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Bí abẹ́ rọ́ọ̀gì bá tutù nígbà tí wọ́n tì í mọ́nú kọ̀ǹténà, inú ọkọ̀ á ti bu kí ó tó dé Àpápá. Nígbà tí ọyẹ́ bá wá dé, igi á gbẹ, á sún kì, pélébé rẹ̀ á sán tàbí kó ṣí. Inú igi àti awọ ń dùn sí ibi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibòji àti ìbòrí aṣọ tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé sàn fún un ju tapólì lọ, torí tapólì máa ń sé ooru àti omi mọ́ ọn lára.

Bí ó bá wá di dandan kí ẹ gbé ìjókòó lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, ẹ ya fọ́tò gbogbo igun rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kó fi iṣẹ́ tó ti ṣe hàn yín, kì í ṣe fọ́tò nìkan, ọkọ̀ gan-an ni kí ẹ jókòó sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀: irú awọ wo, irun ẹṣin àbí fóòmù, iye owó, ọjọ́ tó máa parí. Ní Britain, òfin Consumer Rights Act 2015 sọ pé iṣẹ́ tí ènìyàn sanwó fún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìmọ̀ àti ìtọ́jú tó tọ́ ṣe. Bí iye owó iṣẹ́ bá ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000, tí ẹ fi káàdì kírẹ́díìtì san án, kódà bó ṣe àsansílẹ̀ nìkan ni ẹ fi káàdì san, abala 75 nínú òfin Consumer Credit Act 1974 jẹ́ kí ẹ lè pe ilé iṣẹ́ káàdì náà lẹ́jọ́ pẹ̀lú oníṣẹ́ bó bá dalẹ̀. Ẹ má kó owó rẹpẹtẹ lé e lọ́wọ́.

Kí ẹ tó san àsansílẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé gbogbo ohun tí wọ́n bá bó ni wọ́n ó dá padà fún yín, awọ tó ya, okùn etí, aṣọ òrùlé tí kòkòrò ti jẹ, títí kan ìṣó tí wọ́n yọ. Ẹ dì wọ́n sínú àpótí tí omi kò lè dé, ẹ kọ orúkọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sára rẹ̀. Lára wọn ni oníṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìnwá yóò ti mọ bí wọ́n ṣe gé awọ náà, iye ìlà tó wà lójú ìjókòó, àti àwọ̀ tó ní ní ọjọ́ tó jáde ní Coventry.